Fìlà Akínlàbí Lórí Èsìsì

"Lọ́la, bí mo bá ti kúrò nínú oko àna mi, tí ẹ bá rí ewé kan ṣoṣo tó ṣì dúró níbẹ̀, ẹ bọ́ fìlà mi lórí, kí ẹ fi dé e!"

Akínlàbí ló sọ bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní abúlé Òkè-Ìyùn, lójú àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rìnlá tó fẹ́ bá a ṣe ọ̀wẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Fìlà tó ń wí wà lórí rẹ̀. Fìlà òfì ni, kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n rán an, ó sì dé e sí ẹ̀gbẹ́ òsì tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn á fi rò pé etí òsì nìkan ni wọ́n rán an fún.

Ẹ má tíì bínú sí i. Akínlàbí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó lágbára, ó lójú àánú, iṣu tó bá sì gbìn kì í já a kulẹ̀. Àìsàn kan ṣoṣo tó ń ṣe é ni pé ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi gbogbo, bí òun fúnra rẹ̀ bá wá débẹ̀, ẹnu á ti ba ibẹ̀ jẹ́.

Ọ̀wẹ̀ tí à ń wí yìí kì í sì í ṣe ọ̀wẹ̀ lásán. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó ní agbègbè yẹn gbọ́dọ̀ kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ fún bàbá ọmọ nígbà mẹ́ta: wọ́n á kọ ebè, wọ́n á ro oko, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì wọlé, wọ́n á ṣán gbogbo ilẹ̀ náà mọ́. Akínlàbí ti ṣe méjì àkọ́kọ́. Bí ẹ̀kẹta yìí bá lọ déédéé, wọ́n á dá ọjọ́ ìgbéyàwó, Àwẹ̀ró ọmọ Ògúnjìmí á sì di aya rẹ̀ kí oṣù mìíràn tó lé. Ìyá Akínlàbí ti rẹ́ yàrá ìyàwó. Akínlàbí sì ń wọ inú yàrá náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ láti fọwọ́ kan ògiri, bóyá ó ti gbẹ.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, Ọ̀jẹ́níyì, jókòó lórí odó tó dojú dé, ó ń pọ́n àdá.

"Akin, ewé kan ṣoṣo kẹ̀? Ewé ẹ̀fọ́ wọn ńkọ́?"

"Mo ní ewé, ìwọ ń bi mí ní ọbẹ̀."

"Ó dáa. Èsìsì ńkọ́? Mo gbọ́ pé èsìsì wà lẹ́yìnkùlé wọn tó tó ènìyàn níbàdí."

Akínlàbí rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. "Èsìsì? Èsìsì wo ló máa jó ọmọ Akíngbadé? Èmi ni n ó jó o! N ó hú u tegbòtegbò, n ó kó o jọ, n ó sì fi iná sí i."

Ẹni tí kò bá mọ èsìsì, kí ó dúpẹ́. Koríko kan ni tí irun wẹ́wẹ́ bo ewé àti igi rẹ̀. Bí ó bá kan ènìyàn lára, ara á ta, á yún, á gbóná bí ìgbà tí wọ́n fi ata gígún pa á lára, á sì wú kókó-kókó. Ọ̀jẹ́níyì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìdí nìyẹn tí kò fi sọ̀rọ̀ mọ́. Àdá rẹ̀ nìkan ló ń pọ́n, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí i.

Nígbà tí oòrùn yọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti dé abúlé Agbéde, níbi tí ilé àna wà. Bàbá Ògúnjìmí jáde sí wọn, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì bọ́ sóko.

Ní Agbéde, wọn kì í fi ọ̀wẹ̀ àna ṣeré. Bí àna bá ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni nínú ilé kò gbọdọ̀ la ẹnu bá a wí, àfi ìgbà tó bá jẹun tán. Wọ́n ní ẹnu kì í kan iṣẹ́ àna kí ẹnu àna tó kan oúnjẹ. Àna náà, ní tirẹ̀, kò gbọdọ̀ sọ pé ó rẹ òun, kò gbọdọ̀ fajú ro, kò sì gbọdọ̀ họra níwájú àwọn àgbà. Àna tó bá ń họra, wọ́n á ní bóyá kúrúnà ló fẹ́ kó ran ọmọ àwọn.

Ẹni tó dàgbà jù nílé náà ni ìyá tó bí Bàbá Ògúnjìmí, tí tọmọdé-tàgbà ń pè ní Ìyá Àgbà. Eyín mẹ́ta ló kù lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì jìnnà síra wọn bí ẹni tó jà. Òun ló máa ń sin gbogbo ọmọbìnrin ilé náà lọ sílé ọkọ. Á di ọwọ́ ìyàwó mú, á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti ẹnu ọ̀nà ilé títí dé ẹnu odi, á súre fún un níbẹ̀, á sì fà á lé àwọn ará ilé ọkọ lọ́wọ́. Wọn kì í gbé e pọ̀n. Wọn kì í fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọmọ tí Ìyá Àgbà kò bá fẹsẹ̀ sìn jáde nílé yẹn, kò tíì jáde. Akínlàbí mọ èyí. Ohun tí kò mọ̀ ni ohun tó ń gbé ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà dìde.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti ṣán oko náà mọ́ bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí. Àwọn yòókù ti ń nu àdá. Akínlàbí nìkan ló ń wò yíká, ó ń wá ewé tó kù. Ibẹ̀ ló ti rí èsìsì lẹ́yìnkùlé: ó yí ibi tí wọ́n to iṣu èbù sí ká, ó gbó, ó dúdú, ó dúró ṣinṣin bí ẹ̀ṣọ́. Ìyá Àgbà sì jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú.

Akínlàbí bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó gbé àdá sókè.

Ìyá Àgbà la ẹnu. Bàbá Ògúnjìmí wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó mi orí. Ìyá Àgbà pa ẹnu dé. Ó wúkọ́.

"Ẹ kú ìjókòó o, Ìyá Àgbà!"

"Kú iṣẹ́ o, àna mi. Ṣé kò tíì rẹ̀ ọ́?"

"Kò lè rẹ̀ mí, mà!"

"Omi tútù wà nínú ìkòkò. Ó mà tutù o. Wá mu díẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n pa èyí tán ná, mà."

Ìyá Àgbà tún wúkọ́, ó wúkọ́ títí ó fi di àyà mú. Ó ní ó dà bíi pé ejò kan kọjá nínú oko lọ́hùn-ún, kí Akínlàbí sáré lọ wò ó. Akínlàbí ní bí òun bá ṣe tibí tán, òun á lọ pa ejò náà fún wọn. Ó rò nínú ara rẹ̀ pé arúgbó yìí fẹ́ràn òun púpọ̀. Òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bí arúgbó ti fẹ́ràn rẹ̀ tó, ó fẹ́ràn ewé náà jù ú lọ lọ́jọ́ yẹn.

Ó gé e. Ó hú gbòǹgbò rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ọmọ Akíngbadé kì í sì í bẹ̀rù ewé, ó kó gbogbo rẹ̀, ó gbá a mọ́ àyà bí ìgbà tí ènìyàn bá gbá ọmọ tó ti ìdálẹ̀ dé mọ́ra, ó sì mú ọ̀nà ibi iná tí wọ́n fi ń sun pàǹtí oko pọ̀n. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ló wà láàárín wọn. Ní ìṣísẹ̀ kẹrin, ojú rẹ̀ yí padà. Ní ìkeje, ó rántí gbogbo ẹni tó ti ṣẹ̀ láyé. Nígbà tó ju èsìsì náà sínú iná, omi ti ń dà lójú rẹ̀, Bàbá Ògúnjìmí sì ń pè wọ́n pé kí wọ́n wá gba àdúrà.

Kò sí bí yóò ti ṣe é. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà tí èsìsì jó kan ilẹ̀ gbígbóná, àwọn àgbà ilé ìyàwó sì dúró yí i ká.

Bàbá Ògúnjìmí kì í gbàdúrà kúkúrú. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá ńlá Akínlàbí, ó sì ń bọ̀ wá díẹ̀díẹ̀. Ó súre fún ọwọ́ tó ṣiṣẹ́. Ó súre fún àdá. Ó súre fún ilẹ̀. Akínlàbí ń fi ìka ẹsẹ̀ gbẹ́lẹ̀. Nígbà tó jọ pé àdúrà fẹ́ parí, Ọ̀jẹ́níyì gbé ohùn sókè láti ẹ̀yìn:

"Àṣẹ o, Bàbá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fi ti àwọn ọmọ tí wọ́n máa bí kún un!"

"O mà ṣeun, ọmọ dáadáa," ni Bàbá Ògúnjìmí wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́bí.

Akínlàbí kò họra. Ìyẹn nìkan ló lè fi yangàn lọ́jọ́ náà.

Wọ́n jẹ iyán, wọ́n jẹ ẹran ìgbẹ́, wọ́n mu omi tí ó mà tutù náà. Nígbà tí Akínlàbí fọ ọwọ́ tán, tí ọ̀rọ̀ wá tó sọ, Ìyá Àgbà béèrè jẹ́jẹ́ láti orí àpótí rẹ̀:

"Ta ló bá mi ká ewé ẹ̀yìnkùlé?"

"Èmi ni, mà!" Akínlàbí dìde dúró. "Èmi nìkan. Mi ò jẹ́ kí ẹnì kankan fọwọ́ kàn án. Mo hú u tegbòtegbò, mo sì sun ún. Kò ní yọ yín lẹ́nu mọ́ láéláé!"

Àwẹ̀ró, tó ń kó àwo, dúró gbagidi. Ìyá Àgbà wo orúnkún rẹ̀ ọ̀tún, ó wo ti òsì, ó wá wo Akínlàbí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"O ṣeun, ọmọ mi. O mà lágbára o." Ó yí sí Àwẹ̀ró. "Wá gbé mi wọlé."

Gbé ló wí. Àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa. Akínlàbí nìkan ni kò gbọ́, nítorí gbogbo ara rẹ̀ ló ń ronú ẹ̀yìn ògiri kan tó lè fi ara họ.

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, nígbà tí ara rẹ̀ ti balẹ̀, ó dé fìlà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó sì padà sí Agbéde láti béèrè ọjọ́ ìgbéyàwó.

Bàbá Ògúnjìmí fún un ní obì, ó ní kí ó jókòó. "Ọjọ́ wà," ni ó wí. "Ẹsẹ̀ ni kò sí."

"Ẹsẹ̀ bí ti báwo, sà?"

"Lọ béèrè lọ́wọ́ Àwẹ̀ró. Ojú ń ti èmi láti sọ ọ́ fún àna."

Àwẹ̀ró wà lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣa iṣu èbù tí ewúrẹ́ ti jẹ lájẹkù. Kò bá a ṣeré bí ó ti máa ń ṣe.

"Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí orúnkún ti ń da Ìyá Àgbà láàmú," ni ó wí. "Bí ọjọ́ márùn-ún bá pé, èmi ni mo máa ń fi ewé kókò di ọwọ́, n ó já èsìsì tútù, n ó sì fi na orúnkún wọn. Á jó wọn. Wọ́n á bú mi, wọ́n á bú baálẹ̀, wọ́n á bú adìyẹ tó bá ń kọjá. Bí jíjó náà bá wá rọlẹ̀, ara orúnkún á ti yá, wọ́n á dìde, wọ́n á máa rìn kiri ilé. Báyìí, láti ọjọ́ ọ̀wẹ̀, wọn ò tíì dìde."

Akínlàbí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá a ṣa iṣu náà.

"Nígbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bímọ tí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ dà lára rẹ̀," ni Àwẹ̀ró ń bá a lọ, "ọ̀mùnú èsìsì ni Ìyá Àgbà ní ká máa sè fún un. Bí omi gbígbóná bá ti kàn án, ìbínú rẹ̀ tán, ó di ẹ̀fọ́. Ewúrẹ́ tó ba èyí jẹ́, ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń wo iṣu yìí lókèèrè, kò tó bẹ́ẹ̀ kó wá síbí. Ògiri wa ni, oògùn wa ni, ọbẹ̀ wa ni. Ìwọ rí koríko."

"Kí ló dé tí ẹnì kankan ò sọ fún mi?"

"Ta ló máa sọ ọ́ nígbà tí àna ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́? Ìwọ lo lè béèrè, o ò béèrè. Ìyá Àgbà wúkọ́ títí a fi fún wọn ní àgbo ikọ́."

"Ó máa hù padà, àbí?"

"Bí òjò bá rọ̀. Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, Akin. O ò sì gé e nìkan, o hú u, o sun ún." Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ìyá Àgbà ní orúnkún tó bá sùn pẹ́ kì í fẹ́ jí mọ́. Bí orúnkún wọn ò bá jí, ta ni yóò sìn mí dé ẹnu odi?"

Ọ̀nà Agbéde sí Òkè-Ìyùn kò gùn, ṣùgbọ́n ó gùn lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí Akínlàbí délé, ìyá rẹ̀ sọ fún un tayọ̀tayọ̀ pé ògiri yàrá ti gbẹ.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá èsìsì. Ẹ wo ayé: ewé tí ọmọ Akíngbadé fẹ́ parun láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun ló wá ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọdẹ bí ẹni tó sọ ọmọ nù. Ní gbogbo bèbè ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀rùn ti pa á. Ọdẹ kan ló sọ fún un níkẹyìn pé ó kù ní etí odò Ẹlẹ́rẹ̀, lẹ́yìn òkè, níbi tí ilẹ̀ kì í gbẹ. Bí ènìyàn bá jáde ní àfẹ̀mọ́júmọ́, á débẹ̀ nígbà tí oòrùn bá gbóná díẹ̀.

Ó lọ. Ó já ewé náà sínú ewé kókò, ó sáré wá sí Agbéde, ó sì fi lé Àwẹ̀ró lọ́wọ́. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ kan án, ó fi ra orúnkún, ó dúró díẹ̀, ó wá mi orí.

"Èyí ti kú lọ́nà, ọmọ mi. Ó ti rọ̀ bí etí ewúrẹ́. Èsìsì tí kò bá jóni, kí ló fẹ́ ṣe fún ni? Láàyè là ń lò ó."

Nítorí náà, nígbà kejì, ó gbé apẹ̀rẹ̀ dání. Ó wa èsìsì náà tòun ti iyẹ̀pẹ̀ àti gbòǹgbò, ó bu omi lé e, ó sì gbé e karí. Láti odò Ẹlẹ́rẹ̀ dé Agbéde ni ewé ń jù sọ́tùn-ún sósì, tó sì ń bá a sọ̀rọ̀ létí. Ó fa fìlà òfì rẹ̀ wálẹ̀ títí ó fi bo etí méjèèjì. Ọjọ́ yẹn ni etí ọ̀tún rẹ̀ kọ́kọ́ mọ adùn fìlà náà.

Ó jókòó síta nígbà tí Àwẹ̀ró ń na orúnkún nínú ilé. Ó gbọ́ ariwo.

"Yéè! Akínlàbí! Ìwọ ọmọ yìí! Ta ló rán ọ níṣẹ́? Àdá rẹ á kú! Ìyá tó bí ọ... yéè! Baálẹ̀ náà, orí ẹ̀ á... O ṣeun, ọmọ mi, o ṣeun. Àwẹ̀ró, kọjá sí ti òsì."

Akínlàbí dojúbolẹ̀ níta, ó ń ṣe "àṣẹ" sí èyí tó jẹ́ ire níbẹ̀.

Ìyá Àgbà kò dìde lọ́jọ́ náà. Kò dìde nígbà kẹta. Nígbà kẹrin, ó na ẹsẹ̀, ó sì ká a padà. Ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni Akínlàbí ń ru apẹ̀rẹ̀ kan wá. Ọrùn rẹ̀ wú, ọwọ́ rẹ̀ le kókó-kókó. Òun fúnra rẹ̀ ló tún gbin àwọn èyí tí gbòǹgbò wọn kò bàjẹ́ yí iṣu èbù ká, ó ń pọnmi sí wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ tó bá wà ní Agbéde. Méjì gbẹ, ó gbin mẹ́ta. Mẹ́ta gbẹ, ó gbin márùn-ún. Ní Òkè-Ìyùn, wọ́n ní, "Akin, ìgbà wo ni ìgbéyàwó?" Ó ní, "Ó ń bọ̀." Kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un.

Ìyá Àgbà ní kí ó máa jókòó ti òun lẹ́yìn iṣẹ́. Á na ọ̀pá sí koríko kan, á ní, "Kí nìyẹn?" Akínlàbí á ní òun ò mọ̀. Á sọ orúkọ rẹ̀ fún un, á sọ ohun tó ń ṣe. Níbẹ̀rẹ̀, ojú ń ti Akínlàbí láti sọ pé òun kò mọ nǹkan. Nígbà tó pẹ́, ó mọ́ ọn lára, ẹnu rẹ̀ sì wá ń rìn lẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọlúàbí.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, òmíràn kò sì tètè tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ kẹfà òjò náà, Akínlàbí dé Agbéde, ó sì rí i: ní ibi tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú èsìsì àtijọ́, gbòǹgbò kan tí àdá rẹ̀ kò rí ti yọ ọ̀mùnú. Kò ju ìka kan lọ. Oòrùn ti ń mú un, ewúrẹ́ kan sì dúró lókèèrè tó ń ṣe bí ẹni tí kò wò ó. Akínlàbí wò yíká, kò rí agbọ̀n, kò rí igbá. Ó ri igi wẹ́wẹ́ mẹ́ta mọ́lẹ̀ yí i ká, ó bọ́ fìlà òfì lórí, ó sì fi dé e.

Bí ó ti dìde ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé. Ó ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá bá òun kọ ebè fún Bàbá Ògúnjìmí. Ọ̀wẹ̀ kẹrin nìyẹn. Ẹnì kankan kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀jẹ́níyì ló ṣáájú. Ó rí orí Akínlàbí tó ṣófo, ó rí fìlà nílẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó ṣí i díẹ̀, ó sì yọjú wo abẹ́ rẹ̀.

"Akin. Ṣebí àwa lo ní ká bọ́ fìlà yìí?"

"Mo ti bá yín bọ́ ọ."

Ọ̀jẹ́níyì wò ó. Ó fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, gbogbo ọ̀nà Agbéde ló ti ń to ọ̀rọ̀ náà jọ. Ṣùgbọ́n ó rí ọrùn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rí ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé e mì. Ó fi fìlà náà padà sórí ewé, ó tún un ṣe kí ó dúró dáadáa.

"Jẹ́ kí n bá ọ ṣán àyíká ẹ̀, kí nǹkan má fún un pa," ni ó wí, ó sì gbé àdá sókè sí àwọn koríko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Akínlàbí di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Dúró. Lọ béèrè lọ́wọ́ Ìyá Àgbà ná."

"Béèrè kí ni? Koríko mà ni, Akin!"

"Ọ̀jẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ni èsìsì ń jó ni."

Ẹ̀rín kan ta lẹ́yìn wọn. Wọ́n bojú wẹ̀yìn. Ìyá Àgbà ni, kò sì sí lórí àpótí. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú. Bí gbogbo wọn ti ń wò ó, ó fi ògiri sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó sì rìn wá síbi tí wọ́n wà, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ fìlà náà. Ó wò ó pẹ́.

"Fìlà yìí mà bá a mu jù ọ́ lọ," ni ó wí. Ó wá gbé ohùn sókè. "Ògúnjìmí! Níbo lo wà? Wá dá ọjọ́ fún àwọn ọmọ yìí, kí ẹsẹ̀ mi tó yí ọkàn padà!"

Wọ́n dá ọjọ́ náà sí ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ìyá Àgbà di ọwọ́ Àwẹ̀ró mú, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sìn ín dé ẹnu odi, ó súre, ó fà á lé wọn lọ́wọ́. Akínlàbí dọ̀bálẹ̀ láìdé fìlà. Wọ́n fẹ́ yá a ní òmíràn, ó ní tòun ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà títí Ìyá Àgbà fi kú, kò sí ọjọ́ márùn-ún kan tó kọjá tí Akínlàbí kò lọ wo èsìsì ẹ̀yìnkùlé àna rẹ̀, bó bá sì fẹ́ ṣán oko ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ fi àdá sílẹ̀, á wá olóko lọ, á ní kí ó fi ewé tí òun kò gbọdọ̀ gé han òun.

Àwọn mẹ́rìnlá tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀ kẹrin ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò ní Agbéde, kálukú sì gbé e lọ sí ilé àna tirẹ̀. Báyìí ni ọ̀rọ̀ tí Akínlàbí sọ láìdé fìlà ṣe di èyí tí àwọn àgbà ń pa fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí nǹkan, pé: ẹ̀ẹ̀kan ni èsìsì ń jó ni.